Ìṣó Tí Mo Yọ Lórí Yàrá Alágbàfọ̀

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi, nítorí ohùn mi ò le mọ́. Ẹ̀yin ayálégbé mi tẹ́ ẹ wá kí aláìsàn, ẹ jókòó. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tó jẹ́ pé tí n ò bá sọ ọ́ lónìí, ó máa bá mi wọlẹ̀ ni, ilẹ̀ gan-an ò sì ní fẹ́ gbà á. Ìwọ alágbàfọ̀ tó o jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn bí àlejò, ìwọ ni mo ní kí ọmọ mi obìnrin lọ wá. Má dìde. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ, tìẹ ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mi gbé ilé yẹn mọ bó ṣe rí. Kápẹ́ńtà ni mí, ọwọ́ ara mi ni mo fi kan òrùlé rẹ̀, mo sì máa ń fi í fọ́nnu kiri. Àmọ́ ká kọ́ ilé tó yàtọ̀ sí ká tọ́jú rẹ̀. Fèrèsé alágbàfọ̀ yìí ò ṣe é tì, gọ́tà ẹ̀yìn ilé sì ti dí, débi pé inú yàrá ló ti ń rẹ aṣọ àwọn oníbàárà rẹ̀, nínú àwọn báàfù ńlá tó tò sẹ́bàá ògiri. Ó wá bá mi, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá onílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi la gọ́tà yẹn, kẹ́ ẹ sì tún fèrèsé ṣe. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ṣe é ni n ó san owó ilé." Mo ní, "San owó ilé ná, n ó tún un ṣe." Ó ní, "Ẹ tún un ṣe ná, Bàbá." Bí adìyẹ ṣe bà lókùn nìyẹn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Mo fẹjọ́ rẹ̀ sun àwọn àgbà àdúgbò. Wọ́n wá, wọ́n wo fèrèsé, wọ́n dé ìdí gọ́tà, wọ́n fọwọ́ di imú, wọ́n sì dá a láre. Wọ́n ní kó máa gbé yàrá rẹ̀ títí n ó fi ṣàtúnṣe. Ìtìjú yẹn wọ̀ mí lára. Nínú ilé tí mo fi òógùn ojú mi kọ́!

Kí n lé e jáde kẹ̀? Ìyá mi ò gbà. Ẹ rántí ìyá mi, arúgbó tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọṣẹ́ sílẹ̀, tó ń gbé yàrá tó kángun sí ti alágbàfọ̀. Ògiri kan ṣoṣo ló là wọ́n láàárín. Alágbàfọ̀ ló ń bá a fọ gbogbo aṣọ rẹ̀, kì í sì í gbowó. Ìyá mi ló sọ ọ́ ní Ọwọ́mọ́. Ó sọ fún mi pé, "Ọjọ́ tó o bá lé Ọwọ́mọ́ jáde, kí o yáa ká ẹní tèmi náà tẹ̀ lé e."

Mo wá ronú ìkà. Mo ní bí èmi ò bá lè lé ayálégbé, òjò lè lé e, ta ni yóò sì pe òjò lẹ́jọ́? Mo mú òòlù, mo gbé àkàbà, mo kéde lọ́sàn-án gangan pé mo fẹ́ lọ yẹ òrùlé wò. Ẹ̀yin gan-an kí mi kú iṣẹ́, ẹ ní Bàbá ti ń gbọ́ràn díẹ̀díẹ̀. Ta ló di àkàbà mú fún mi kí n má baà ṣubú? Òun náà ni. Ó ń wò mí láti ìsàlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ rọra o, kí ẹsẹ̀ yín má yọ̀." Mo sì rọra. Mo rọra ń yọ ìṣó lórí yàrá rẹ̀, mo ń kó wọn sápò. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, ó bu omi tútù fún mi, mo sì mu ún tán. Ẹ jẹ́ kí n mí díẹ̀.

Òjò rọ̀ bí ẹni pé ọ̀run fẹ́ já. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń retí kó figbe ta. N ò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí òjò dá, mo yọjú sí i, mo ní, "Ṣé òjò ò yọ ẹ́ lẹ́nu?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Rárá o, Bàbá. Ẹ kú iṣẹ́ òrùlé ìjọsí, omi kankan ò kán." Mo gbójú sókè wo àjà yàrá rẹ̀, ó gbẹ táútáú. Orí mi wú. Mo ní irú Ọlọ́run wo ló wà lẹ́yìn obìnrin yìí? Ẹlòmíì ì bá ti ronú pìwà dà níbẹ̀. Èmi tún gun òkè lọ, mo tún yọ òmíràn kún un. Òjò tún rọ̀, yàrá rẹ̀ tún gbẹ. Mo wá ń bẹ̀rù rẹ̀. Bí mo bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀, inú yàrá ni mò ń sá wọ̀.

Ẹ wo èmi kápẹ́ńtà, mo ń wá iṣẹ́ ìyanu kiri, n ò rántí iṣẹ́ ọwọ́ ara mi. Òrùlé kì í fi dandan jò síbi tó ti lu. Omi lè tọ igi òrùlé lọ, kó lọ sọ̀ síbi tí igi bá tẹ̀ sí. Èmi ni mo kan igi yẹn, èmi ni mo gbé ẹnu rẹ̀ lé orí ògiri tó wà láàárín alágbàfọ̀ àti ìyá mi. Ògiri amọ̀ ni, sìmẹ́ńtì la fi rẹ́ ẹ lójú. Gbogbo òjò tí mo rán sí alágbàfọ̀, inú ògiri yẹn ló ń wọ̀ sí. Ojú rẹ̀ gbẹ, inú rẹ̀ ti di ẹrẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kan tí oòrùn ń ràn ló wó. Mo gbọ́ tí nǹkan ya, mo sáré wọ yàrá ìyá mi. Ohun tí mo rí níbẹ̀, bí mo bá dọ́run n ò ní gbàgbé rẹ̀. Alágbàfọ̀ ti débẹ̀ ṣáájú mi. Ògiri ti fẹ́ dà lé ibùsùn, òun ló fẹ̀yìn tì í, ó na apá rẹ̀ méjèèjì, obìnrin tí kò ju kí atẹ́gùn gbé e lọ. Amọ̀ ń ya lé e lórí. Ó kàn ń sọ fún ìyá mi jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, "Màmá, ẹ rọra máa wọ́ bọ̀. Mo dì í mú. Ẹ máa wọ́ bọ̀." Mo gbé ìyá mi. A ò tíì dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí gbogbo rẹ̀ fi dà wálẹ̀. Ìgbà tí a wú alágbàfọ̀ jáde, èjìká rẹ̀ ti yẹ̀. Ẹ wò ó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà títí dòní. Mo ti bá àwọn ọkùnrin tó ń gbé ìtì igi ṣiṣẹ́, n ò rí irú agbára yẹn rí.

Ibi tó burú jù ni mò ń bọ̀ yìí. Àjà ti já, mo gbójú sókè, mo rí ojú ọ̀nà omi lára igi òrùlé, ó dúdú, ó tọ́ gbọọrọ láti ibi ìṣó tí mo yọ títí dé orí ògiri. Gbogbo rẹ̀ yé mi lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀yin sì ń béèrè pé kí ló wó o. Ẹnu mi dáhùn kí n tó rò ó. Rárá, ẹ má dá mi lóhùn, irọ́ nìyẹn, mo rò ó dáadáa. Mo nawọ́ sí àwọn báàfù alágbàfọ̀, mo ní, "Omi aṣọ ló jẹ ògiri nídìí." Gbogbo yín gbà mí gbọ́. Òun náà gbà mí gbọ́, ohun tó ń pa mí nìyẹn. Tòun ti èjìká tí wọ́n dì, ó wá kúnlẹ̀ níwájú mi, ó ní, "Bàbá, ẹ forí jì mí. Díẹ̀ ló kù kí n pa Màmá." Ó san owó ilé tí mò ń bá a jà sí, ó kó ẹrù rẹ̀, ó lọ. Títí ìyá mi fi kú ló ń bi mí pé, "Ọwọ́mọ́ dà?" Mo sì ń sọ fún un pé ó rìnrìn àjò.

Láti ìgbà tí àìsàn ti dá mi dùbúlẹ̀ sílé ọmọ mi yìí, orí ibùsùn ni mò ń tọ̀ sí. Ọmọ mi á gbé aṣọ ibùsùn jáde tòun ti òórùn, á gbé e wọlé ní funfun báláú. Àná ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kíyè sí bí wọ́n ṣe ká a, wọ́n tẹ igun kan sínú bí etí. Ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń ká aṣọ ìyá mi bẹ́ẹ̀. Mo ní ta ló ń fọ̀ ọ́? Ọmọ mi, tí kò sí nílé nígbà ọ̀rọ̀ ògiri, ní, "Alágbàfọ̀ kan ni, Bàbá, tí èjìká rẹ̀ kan wọ́. Nígbà tó gbọ́ orúkọ yín, ó ní òun ò ní gbowó, pé gbèsè ògiri kan lòun ń san." Ọwọ́ kan tó gbádùn ló fi ń fọ ìtọ̀ mi.

Ọwọ́mọ́, o ò jẹ mí ní nǹkan kan. Èmi ni mo ba èjìká rẹ jẹ́, èmi ni mo ba orúkọ rẹ jẹ́ láàárín àwọn tó jókòó yìí. Àwọn ìṣó yẹn ló wà nínú abọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ, wọ́n ti dípẹtà, n ò lè jù wọ́n nù. Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ máa jogún ilé, bí ayálégbé bá ní ilé ò dára, ẹ tún un ṣe kẹ́ ẹ tó bínú. Mo tọrọ àforíjì. Bí o bá fẹ́ bú mi, bú mi, o tó bẹ́ẹ̀. Aṣọ ibùsùn abẹ́ mi yìí ti tún rin. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má gbé e fún un. Ẹ jẹ́ kí n sùn lé e bẹ́ẹ̀ títí yóò fi dá mi lóhùn.