Èmi Kọ́ Ni Mo Ṣe Ìjàpá Dapaah

Ẹ̀yin ará Suame, ẹ pa ẹ̀rín mọ́ra lónìí. Irọ́ tí èmi Kwaku Dapaah ti pa pọ̀ ju iyẹ̀pẹ̀ gbogbo Kumasi lọ, ṣùgbọ́n dókítà ní kíndìnrín mi méjèèjì ti kọṣẹ́ sílẹ̀, mi ò sì lè gbé eléyìí wọ sàréè. Àpótí tí ẹ fi ń dáàbò bo fíríìjì yín, tí orúkọ mi wà lára rẹ̀ gàdàgbà, èmi kọ́ ni mo ṣe é. Wofa mi, Yaw Adade, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ló ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹni tí ẹ sọ lórúkọ Adánásóòkú.

Agolo bisikíìtì àti wáyà tí ayé ti dànù ló fi ṣe é. Tí iná bá ya wèrè dé, àpótí náà á gé e kó tó jó nǹkan, bí ìgbà tí ìjàpá bá fa orí wọlé; ìdí nìyẹn tó fi sọ ọ́ ní Ìjàpá. Ọjọ́ ìsìnkú Nana Birago, ìyá àgbà ìdílé wa, ní Tafo ni Wofa fẹ́ fi í han ayé. Opanin Safo, ọlọ́rọ̀ tí ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ dé ìlú, ti ṣèlérí pé tó bá ṣiṣẹ́ lójú òun, òun á kọ́ ilé iṣẹ́ fún un.

Wọ́n tẹ́ òkú sórí ibùsùn tó ń dán, wọ́n fi gílóòbù aláràbarà yí i ká, Ìjàpá ló sì ń ṣọ́ iná wọn. Àwọn aláṣọ ọ̀fọ̀ pupa àti dúdú pọ̀ débi pé ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀. Èmi ńkọ́? Ẹ̀rín ni mo ń wá, èmi ọ̀dọ̀yọ̀! Mo ní kí iná máa ṣẹ́jú lórí òkú, kí àwọn tó ń sunkún fẹsẹ̀ fẹ. Mo yọ wáyà kan nínú Ìjàpá, mo so ó síbòmíì. Mi ò mọ̀ pé wáyà yẹn gan-an ló ń gé iná.

Iná lọ, ó padà dé bí ogun. Gílóòbù ń bú gbàù, kẹ́ńtè orí ibùsùn gbiná, wọ́n sì da omi lu òkú Nana Birago níṣojú gbogbo ayé. Lójú ẹsẹ̀, àwọn àgbà ìdílé pe Wofa jókòó.

"Adade, kí ni ìyá wa fi ṣe ọ́?"

"Ẹ̀yin bàbá, ẹ jọ̀ọ́, àpótí yìí ṣiṣẹ́ láàárọ̀. Kwaku ló gbé e wá." Ó yíjú sí mi. "Ọmọ mi, ṣé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án?"

Mo wo ojú ọkùnrin tó tọ́ mi dàgbà. "Rárá o, Wofa. Ṣebí mo sọ fún yín pé agolo bisikíìtì ò lè dá iná dúró?"

Ẹ̀rín sọ. Ẹ̀rín tí mo ń wá látàárọ̀ nìyẹn. Opanin Safo gbọn aṣọ rẹ̀, ó lọ. Wọ́n ní kí Wofa mú àgùntàn àti ọtí wá fi bẹ òkú. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó jẹ́ kó fọwọ́ kan gílóòbù kan ṣoṣo mọ́. Ìdí tọ́ọ̀ṣì ọlọ́wọ́ ló kú sí, ó ń tún un ṣe lẹ́bàá ọ̀nà.

Lọ́dọ̀ wa, ọmọ tí arábìnrin ẹni bí ló ń jogún ẹni. Konama, ọmọ Wofa obìnrin tó máa ń bá a wé wáyà, mú àpótí ìjókòó kan ṣoṣo jáde ní ṣọ́ọ̀bù, èmi sì wọlé. Mo dá wáyà yẹn padà sáyè rẹ̀. Ìjàpá ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Mo kọ orúkọ ara mi sí i.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo jẹ́wọ́ fún Konama. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbá àyà mú.

"Bàbá!" Torí mo jogún bàbá rẹ̀, bàbá náà ló ń pè mí. "Ẹ ò ní jáwọ́ nínú àwàdà? Bàbá mi fúnra wọn sọ fún mi kí wọ́n tó kú pé àpótí àwọn ò dáa, pé ẹ̀yin lẹ ti sọ fún àwọn tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní kí n máa dúpẹ́ lọ́wọ́ yín."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ràn àwàdà, ẹ wò mí dáadáa. Konama, foríjì mí, mi ò ṣàwàdà. Tí mo bá kú, tí wọ́n lẹ àwòrán mi mọ́ gbogbo ògiri Suame, tí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi ni mo ṣe Ìjàpá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fà á ya.