Káàdì Pupa Erékùṣù Èéfín

Ẹ ti ilẹ̀kùn yẹn, kí ẹ sì sún mọ́ mi. Ní aago méje àárọ̀ ọ̀la ni dókítà máa là mí láyà, ó sì ti sọ fún mi láìfi bọpo bọyọ̀ pé ọkàn mi ti rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Bí mo bá jí, kí ẹ bá mi jà. Bí n kò bá jí, mi ò fẹ́ kí ẹ sin mí bí ẹni rere nígbà tí mi ò jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìyá àwọn ọmọ mi, ìwọ gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi ń jẹun lọ́wọ́ rẹ, tí mo sì gbé ohun tí mo ṣe fún bàbá rẹ mì. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi tiẹ̀ ti fi ọdún kan lé e.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ mọ̀ pé bàbá ìyá yín ló mú mi wọṣẹ́ ní ọgbà ìgbafẹ́. Bàbá Onísípánà ni gbogbo ọgbà ń pè é, nítorí pé sípánà kì í kúrò lápò rẹ̀, àní lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa pàápàá. Òun ló kan àwọn ọkọ̀ ojú omi ibẹ̀, òun náà ló sì ń tú wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: ogún ọkọ̀ onígi tó ń gba inú ihò dúdú kọjá láàárín èéfín, tó wá ń já wìì láti orí òkè sínú adágún, tí omi á sì ta sí gbogbo èèyàn lára. Erékùṣù Èéfín ni à ń pe apá ibẹ̀. Orúkọ fíìmù kan ni, tí gbogbo ayé ń tò lọ wò nígbà náà. Àwòrán akọni fíìmù yẹn wà lára ògiri, irú aṣọ rẹ̀ wà lọ́rùn wa, orin rẹ̀ sì ń dún láti àárọ̀ títí a ó fi tilẹ̀kùn, débi pé mò ń gbọ́ ọ lójú oorun.

Ẹ̀yìn ìlà ni iṣẹ́ tèmi. Ní wákàtí wákàtí, màá kọ aago tó lù sórí káàdì pupa kan, màá sì fi lé ẹni tó bá kẹ́yìn lọ́wọ́. Bó bá dé ibi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀, á fi fún obìnrin tó wà níbẹ̀. Obìnrin náà á wo aago ògiri tí Bàbá gbé kọ́, á kọ aago tó bá rí sí abẹ́ tèmi. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni mò ń kọ sí pátákó ẹnu ọ̀nà: "Ẹ ó dúró fún ogún ìṣẹ́jú." Gbogbo wa la gba káàdì yẹn gbọ́.

Fíìmù kìíní lókìkí, ìkejì náà lókìkí. Ìkẹta ṣubú yakata. Ni àwọn tó ni ọgbà bá bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn léèrè pé, bí fíìmù bá kú, ṣé apá tí wọ́n kọ́ lórúkọ rẹ̀ ò ní bá a kú? Wọ́n ní ká ka àwọn tó ń wọ ọkọ̀ fún ogójì ọjọ́. Bí wọ́n bá ń pé ẹgbẹ̀rún lójúmọ́, ọkọ̀ á dúró. Bí wọn ò bá pé, wọ́n á wó ibẹ̀, wọ́n á kọ́ ti fíìmù tuntun kan tó dá lórí àwọn ẹyẹ.

Èmi ti rí ìdáhùn lọ́jọ́ kìíní. Mo bi ìyá kan tó kó ọmọ mẹ́ta dání bóyá ó ti wo fíìmù kẹta. Ó ní, "Fíìmù wo? Omi tó ń ta síni lára yìí làwọn wọ̀nyí ò jẹ́ kí n sinmi lé lórí." Igba lé ní ẹgbẹ̀rún èèyàn ló wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo sáré lọ sọ fún Bàbá, inú wa sì dùn gan-an.

Lọ́jọ́ kejì, máníjà pè mí sí ọ́fíìsì. Ó ti kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá rẹ̀ pé Erékùṣù ti kú, kò sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dojú tì í. Ó ní, "Apá àwọn ẹyẹ á nílò alábòójútó. Ìwọ ni mo ní lọ́kàn. Ṣáà jẹ́ kí pátákó yẹn máa lé wọn padà." Mi ò ronú tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Ojúkòkòrò ni, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún un lórúkọ mìíràn. Ó ti rẹ̀ mí láti máa jẹ́ ọkọ ọmọ Onísípánà; mo fẹ́ kí wọ́n pe èmi náà lọ́gàá.

Bí mo ṣe ṣe é nìyí. Ní aago mẹ́wàá, mo kọ aago mẹ́sàn-án sórí káàdì. Ìlà ogún ìṣẹ́jú di ọgọ́rin, mo sì kọ ọ́ sí pátákó. Ọkùnrin kan tó gbé ọmọ sí èjìká kà á, ó mí kanlẹ̀, ó yí padà. Ọmọ náà ń sunkún bí wọ́n ṣe ń lọ. Ó rọrùn ju bí mo ṣe rò lọ, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó ń wọ ọkọ̀ ò tó ẹgbẹ̀ta mọ́.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, obìnrin tó ń gba káàdì wá bá mi. "Bọ̀dá, ẹni tó mú èyí wá ní òun ò dúró tó ìdajì wákàtí. Báwo ni káàdì ṣe wá ń sọ ọgọ́rin ìṣẹ́jú?" Mo ní kó gbájú mọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, mo ti ní kí máníjà gbé e lọ síbi ìgbọ́kọ̀sí, kó máa gbálẹ̀. Kò bá mi jà, ṣùgbọ́n nígbàkigbà tá a bá pàdé, ọwọ́ mi ló máa ń wò.

Bàbá náà rí i pé nǹkan ò dọ́gba. Ó jókòó tì mí lọ́sàn-án ọjọ́ kan, káàdì mẹ́fà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọkọ ọmọ mi, ìlà ò gùn, káàdì sì ń sọ wákàtí kan. Ọ̀kan nínú wọn ń purọ́." Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí màá fi bẹ̀ ẹ́. Ló bá mi orí, ó ní, "Aago mi ni. Á jẹ́ pé ó ti ń sáré." Èmi kọ́ ló fura sí! Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó pààrọ̀ bátìrì rẹ̀, ó fi wé ti rédíò, ó sì pé géérégé. Lọ́jọ́ kejì, ó tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Mo ti yí ibi tó burú jù ká tó. Lọ́jọ́ ogójì, wọ́n kó gbogbo wa sí yàrá ìpàdé. Ìyá àgbàlagbà kan nínú àwọn tó ni ọgbà yọ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Bí èèyàn ò bá wá, kí ni àwọn díẹ̀ tó wá ń dúró dè fún wákàtí kan?" Máníjà gbójú sókè àjà. Bàbá dìde, ó ní, "Ẹ bi ọkọ ọmọ mi. Ọwọ́ rẹ̀ ni káàdì wà. Kò ní purọ́." Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Àfi kí n fi ara mi hàn, tàbí kí n fi ẹlòmíràn dípò. Mo ní, "Ẹ má bínú. Àgbà ti dé sí Bàbá. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, kì í tètè tú ọkọ̀ sílẹ̀ mọ́. Torí pé àna mi ni mo ṣe ń bò ó." Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Bàbá gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé orí tábìlì, ó wo ẹ̀yìn ọwọ́, ó wo àtẹ́lẹwọ́. Ó ní, "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bóyá èmi ni mi ò mọ̀." Wọ́n dá a dúró níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Ó gbé aago rẹ̀ sínú àpò ọ̀rá, ó sì lọ sílé.

Mo di ọ̀gá apá àwọn ẹyẹ. Èrò pọ̀ fún ọdún kan, lẹ́yìn náà fíìmù ẹyẹ kejì ṣubú ju ti Erékùṣù lọ, ibẹ̀ sì dà bí ilé ìwé nígbà ìsinmi. Àwọn díẹ̀ tó ń wá ń bi mí pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ̀ olómi yẹn ńkọ́?" Kò sẹ́ni tó béèrè akọni fíìmù. Fíìmù lè pe èèyàn wá lẹ́ẹ̀kan, ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ ló ń mú wọn padà wá, mo sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ kìíní.

Bàbá ò gbọ́ ìyẹn. Ìyá àwọn ọmọ mi, ṣé o rántí ìgbà tó o gbé áyọ́ọ̀nù wa fún un kó bá ọ tún un ṣe? Ó tì í padà, ó ní ọwọ́ òun ò dára mọ́. O sunkún lọ́jọ́ yẹn, èmi ni mo nu omijé rẹ. Ọdún méjì péré ló lò lẹ́yìn ìpàdé yẹn.

Ẹ̀yin ọmọ, bí wọ́n bá fi ipò ẹlòmíràn lọ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tí wọ́n máa tì ṣubú. Aago yẹn ló wà ní pálọ̀ wa. Òpùrọ́ lẹ̀ ń pè é, ẹnu bàbá àgbà yín lẹ ti gbọ́ ọ, èmi náà sì máa ń bá yín rẹ́rìn-ín. Ẹ má pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìyá àwọn ọmọ mi, mi ò ní kó o dárí jì mí lónìí. Bó o bá kúrò níbí, yà sí ibojì Bàbá, kó o sọ fún un pé ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n rí.