Àwọn Ọmọ Tí Mo Kọ Pé Wọ́n Yè

Wọ́n máa so mí kọ́. Ọjọ́ rẹ̀ nìkan ni wọn kò tíì sọ fún mi. Yàrá tí mo wà kò gbà ju ẹní kan àti garawa kan lọ. Bí bàtà wọ́dà bá ti ń dún bọ̀ láàárọ̀, gbogbo àwa tí ìdájọ́ ikú wà lórí wa a dákẹ́, a ó máa fetí sí ẹnu ọ̀nà tí yóò dúró sí. Bí ó bá kọjá tèmi, inú mi a dùn, lẹ́yìn náà ojú a tì mí pé inú mi dùn. N kò mọ irú ènìyàn tí mo jẹ́ mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ bá mi wò ó.

Dókítà ni mí. Bí ẹ bá bi àwọn ará ìlú mi, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ obìnrin ló sún mi dé ibi tí mo ti pànìyàn. Ohun tí wọ́n sọ ní kóòtù nìyẹn, mo sì dákẹ́, mo jẹ́ kí wọ́n gbà á bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni. Ìwé tí mo kọ ló sún mi dé ibẹ̀.

Nígbà tí owó náírà ṣẹ̀ṣẹ̀ já wálẹ̀, tí àwọn dókítà ẹgbẹ́ mi ń fò lọ sí Sáúdí, èmi dúró. Mò ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbàdàn, mo sì ń tọ́jú aláìsàn ní ọsibítù kékeré kan lójú ọ̀nà Ifẹ̀, lẹ́yìn Adégbayì. Àwọn tí ẹ̀mí wọn fẹ́ bọ́ ni wọ́n ń gbé wá bá mi: ẹni tí mọ́tò gbá, ẹni tí ejò bù jẹ, àti ní pàtàkì, àwọn ọmọdé tí gìrì mú. Mo mọ iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n nídìí iṣẹ́ tiwa, iye ẹni tí o wò sàn kọ́ ni wọ́n fi ń gbé ènìyàn ga. Iye ìwé ìwádìí tí o kọ, tí àwọn òyìnbó tẹ̀ jáde, ni wọ́n ń wò.

Ọ̀gá wa àgbà pè mí lọ́jọ́ kan. Ó ní, “Ìwọ yìí, o mọ iṣẹ́ dunjú, àmọ́ ta ló mọ̀ ọ́? Àwọn tí o ṣáájú ti ń di ọ̀jọ̀gbọ́n. Kọ nǹkan, ọmọkùnrin!”

Mo ní nǹkan tí mo lè kọ. Abẹ́rẹ́ kan wà tí gbogbo wa fi ń dá gìrì dúró. Èmi a máa gún un ní ìlọ́po méjì iye tí wọ́n kọ́ wa. Ọmọ tó ń gbọ̀n á balẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ìyá rẹ̀ á kúnlẹ̀, á máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo fi gbogbo ọkàn gbà pé mo ti rí ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí. Ohun tó kù ni kí n wá àwọn ọmọ náà lọ sílé, kí n mọ̀ bóyá wọ́n ṣì wà láàyè lẹ́yìn oṣù kan.

Àǹtí Mọ́ríámọ̀ ló mú mi lọ. Òun ni olórí àwọn nọ́ọ̀sì wa, ọmọ àgbẹ̀ láti abúlé kan ní Lágelú, ó sì jù mí lọ dáadáa lọ́jọ́ orí. Ẹnu rẹ̀ mú, òun fúnra rẹ̀ a sì ti máa rẹ́rìn-ín kí ó tó parí àwàdà rẹ̀. Ó ní, “Dókítà, ẹ rọra tẹ mọ́tò yìí o, ó dàgbà jù yín lọ.”

Ilé tí a kọ́kọ́ yà, ìyá ọmọ náà ń bó gbágùúdá.

Mo ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ wa ńkọ́?”

“Ẹ káàbọ̀. Ẹ jókòó,” ni ó wí. Ó gbé omi wá. Mo tún béèrè. Kò gbójú sókè. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló dá mi lóhùn láti inú ilé pé, “Dókítà, ṣé ẹ gba ọjà Ṣáṣá kọjá? Wọ́n ní tòmátì pọ̀ níbẹ̀ lánàá.”

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ọmọ kékeré tó bá kú, a kì í dárúkọ rẹ̀ lójú ìyá rẹ̀, a kì í sì í ròyìn rẹ̀ fún àlejò. Àlejò tó bá gbọ́n á rí i, á pa ẹnu mọ́.

Nínú mọ́tò, Àǹtí Mọ́ríámọ̀ ní, “Ọmọ yẹn ti lọ.”

“Wọn kò sọ bẹ́ẹ̀.”

“Ta ní í sọ ọ́, Dókítà? Ṣé òyìnbó ló bí yín ni?”

Mo ní, “Àwọn òyìnbó tó ń tẹ̀wé ò mọ ìyẹn. N kò lè kọ òkú tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi.” Mo kọ ọ́ pé ọmọ náà yè.

Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Nǹkan kékeré ni, ẹ̀rín ni mo fi ṣe é. Ilé tí wọ́n bá ti dákẹ́, èmi a kọ ọ́ pé ọmọ wọn wà láàyè. Ìwé náà jáde lókè òkun, ọ̀gá wa gbé e káàkiri bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Wọ́n ní kí n kọ òmíràn. Ọ̀nà abúlé ti bàjẹ́, epo kò sí, n kò lọ sí ilé kankan mọ́. Mo jókòó sí ọ́fíìsì mi, mo ń hùmọ̀ ọmọ fúnra mi, mo ń fún wọn ní ọjọ́ orí àti ìwọ̀n ara. Ohun tó ń dà mí lórí rú ni pé mò ń rí ojú wọn. Ọmọbìnrin kan wà ní Ẹgbẹ́dá tí eyín iwájú rẹ̀ ti ká. Títí di òní n kò mọ̀ bóyá ìyá kan ló bí i tàbí kálàmù mi.

Mo fi orúkọ Àǹtí Mọ́ríámọ̀ sínú ìwé kejì. Inú rẹ̀ dùn púpọ̀, ó fi han gbogbo agbo ilé wọn, kò sì bi mí ní ohunkóhun. Ìwé mi ń pọ̀ sí i. Àwọn dókítà láti ìlú mìíràn ń kọ̀wé sí mi pé àwọn náà ti ń gún un ní ìlọ́po méjì. Wọ́n wá ní ìgbìmọ̀ kan yóò wá wo iṣẹ́ mi, kí wọ́n lè sọ mí di ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìyẹn ni Àǹtí Mọ́ríámọ̀ wọ ọ́fíìsì mi, ó ti ilẹ̀kùn. Gèlè kò sí lórí rẹ̀. Gìrì mú ọmọ tí Kúdí, ọmọbìnrin rẹ̀ àkọ́bí, bí, ní Ọ̀nà-Àrà. Dókítà tó wà níbẹ̀ gún un ní ìlọ́po méjì, ó ní inú ìwé lòun ti kà á. Gìrì náà dáwọ́ dúró. Èémí náà dáwọ́ dúró.

Ó ní, “Ọmọ ọmọ mi kú. Àlímì lorúkọ rẹ̀. Mo fi ẹnu ara mi sọ ọ́ fún yín. Ẹ kọ ọ́.”

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́…”

“Ẹ kọ ọ́! Ṣebí ẹ ní ẹ kì í kọ òkú tí wọn kò sọ.” Ó bú sẹ́kún. “Orúkọ tèmi náà wà níbẹ̀. Wọ́n á fi mí ṣẹ̀sín, àmọ́ bí ìgbìmọ̀ yín bá dé, mo máa sọ.”

Mo bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Àwọn tó wà níta gbọ́ ẹkún obìnrin lẹ́yìn ilẹ̀kùn títì, wọ́n sì ro ohun tí wọ́n rò.

Ikọ́ fée ti ń bá Àǹtí Mọ́ríámọ̀ jà láti kékeré. Ọyẹ́ mú gan-an lọ́sẹ̀ náà. Ní ọ̀sán Jímọ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ti lọ kírun, Sàfú àbúrò rẹ̀ gbé e wọlé, àyà rẹ̀ ń dún fée, ètè rẹ̀ ti dúdú. Ẹ gbà mí gbọ́, mo sáré. Mo gún un lábẹ́rẹ́, mo fi ọ́síjìn sí i nímú, mo ń sọ fún un pé, “Àǹtí, ẹ mí, ẹ rọra mí.” Ara rẹ̀ fẹ́ máa balẹ̀. Sìlíńdà ọ́síjìn náà bẹ̀rẹ̀ sí í tán. Mo ní kí Sàfú lọ pe ẹnikẹ́ni tó bá rí. Mo ti èyí tó tán, mo gbé tuntun dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo so rọ́bà mọ́ ọn. Sípánà tí n ó fi ṣí i wà lọ́wọ́ mi.

Ó ń wò mí. Mo rántí ìgbìmọ̀ tó ń bọ̀. N kò sọ pé kí ó kú. N kò sọ nǹkan kan nínú ọkàn mi, mo dúró lásán ni, bí ẹni tí wọ́n ní kó dúró. Ṣé ìpànìyàn ni dídúró? Mo ti bi ara mi títí. Òun ni, nítorí mo mọ ohun tí ọwọ́ mi kò ṣe.

Sàfú wọlé. “Dókítà! Kí lẹ dúró ń wò? Ẹ ṣí i!”

Mo ṣí i. Ó ti pẹ́ jù.

Ohun tí Sàfú rí ló sọ ní kóòtù. Nígbà tí lọ́yà ìjọba béèrè ohun tó wà láàárín wa, wọ́n pe àwọn tó gbọ́ ẹkún. Wọ́n ní àlè mi ni, pé ó fẹ́ tú àṣírí wa. Kúdí sunkún níbẹ̀ pé irọ́ ni wọ́n ń pa mọ́ ìyá òun, wọn kò gbọ́ ọ. Ìyàwó mi kó àwọn ọmọ wa lọ nítorí ìtìjú. Ọ̀rọ̀ kan péré ni ǹ bá sọ, ǹ bá ti wẹ orúkọ òkú obìnrin náà mọ́. N kò sọ ọ́, torí wọn ì bá fa àwọn ìwé mi ya. Mo yan okùn lọ́rùn ju pé kí ìwé mi parẹ́. Ẹ sọ fún mi, irú orí wo nìyẹn?

Láìpẹ́ yìí ni wọ́n rán ọ̀dọ́mọkùnrin dókítà kan wá wo ara mi. Bí ó ti gbọ́ orúkọ mi, ojú rẹ̀ tàn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀ sà! Ìwé yín ni wọ́n fi kọ́ wa ní ìtọ́jú gìrì. Mo ń lò ó dòní.”

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. “Irọ́ ni ìwé náà, ọmọ mi. Mo kọ àwọn òkú pé wọ́n yè. Àwọn yòókù, mo hùmọ̀ wọn ni. Má gún un mọ́.”

Ó rọra gba ọwọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ mi. “Ẹ sinmi, sà. Ibi tẹ́ ẹ wà yìí ló ń dà yín lọ́kàn rú.” Ó sọ fún wọ́dà pé ọkàn mi kò balẹ̀ mọ́, ó sì lọ. Mo kígbe tẹ̀ lé e títí ohùn mi fi há.

Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ ọ́ fún yín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá orúkọ, tí wọ́n ń sọ fún pé ẹgbẹ́ yín ti lọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ. Àṣegbé kan kò sí, àṣepamọ́ ló wà, èmi sì ti pa á mọ́ títí mo fi dé ìdí okùn. Ẹ má fi irọ́ kékeré ṣẹ̀rín. Ẹ̀yin tí ẹ bá sì di dókítà, bí aṣiwèrè kan bá wí fún yín láti inú ẹ̀wọ̀n pé irọ́ lòun kọ, ẹ gbà á gbọ́. Ìjọba á bá yín pa mí. Ẹ̀yin, ẹ bá mi pa ìwé náà, torí ó ṣì ń pa ọmọ.