Táyé Ń Fà, Kẹ́hìndé Ń Tì

Ẹ bá mi dúpẹ́, ẹ̀yin ará. Ẹ kígbe Halelúyà fún mi, torí ohùn mi ti há. Ọpẹ́ ni mo wá dá, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ojú mi ò jọ ti ọlọ́pẹ́.

Ẹ mọ̀ pé ilé ẹ̀rọ omi ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀rọ kan ṣoṣo la ní, èyí tó ń fa omi láti inú odò. Nígbà tí ìjọba gbé èkejì wá, tí yóò máa ti omi gun òkè lọ sí ọsibítù, ó fi gbogbo ara jọ àkọ́kọ́. La bá ń pè wọ́n ní Táyé àti Kẹ́hìndé. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀ pé ohun tá a bá ṣe fún Táyé, a kì í fi du Kẹ́hìndé. Ìlànà bá a ṣe ń ṣáná sí Táyé, pé ká kọ́kọ́ ṣí páìpù sílẹ̀, a dà á kọ, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri Kẹ́hìndé. Ẹnjinníà tó gbé e wá ló kọ́kọ́ ṣáná sí i, ó sì ṣiṣẹ́. Ọjọ́ tá a pa á láti pààrọ̀ ọ́ìlì, tá a wá ṣáná sí i fúnra wa, ló bá kọ̀. Ó ń han, ó ń gbọ̀n, omi ò gòkè. A ránṣẹ́ sí ẹnjinníà, kò wá wò ó, ó ní ó ti kú, àfi ká dúró de òmíràn láti Èkó.

Ibẹ̀ la wà tí ìyàwó mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Ọ̀gbẹlẹ̀ mú, kànga gbẹ, epo mọ́tò tí a ó fi gbé e lọ Ìsẹ́yìn ò sí. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ni, òun ò sì lè ṣe é láìsí omi. Èyí tí ẹ̀yin ìyá ìjọ bù wá láti inú ìkòkò yín, ó ti dọ̀tí tán.

Ìyàwó mi, Ìyá Débọ̀, di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Bàbá Débọ̀, ṣebí ẹ̀yin lẹ̀ ń fún ìlú lómi?"

Mo sáré padà sídìí ẹ̀rọ, mo kúnlẹ̀ sínú ọ́ìlì. Mi ò ní parọ́ níwájú pẹpẹ: àdúrà mi ò jọ ti onígbàgbọ́. Mo ní, "Olúwa, bí O bá ti kọ̀ wá, sọ fún mi." Kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo sunkún bí ọmọ ọwọ́.

Mo tún ṣáná sí i, mo fi orí ti páìpù. Mo wá gbọ́ tí omi inú páìpù ń rọ́ láti òkè bọ̀, ó ń ṣubú lu ẹ̀rọ lẹ́nu. Jéésù! Ẹ̀rọ ò kú! Táyé ń fà, Kẹ́hìndé ń tì. Ẹni tó ń fà ló yẹ ká ṣí páìpù sílẹ̀ fún. Ti ẹni tó ń tì, ṣe la ó kọ́kọ́ pa á dé, tó bá ti lágbára tán, ká wá rọra ṣí i. Mo fa ìwé ara ògiri ya. Mo pa páìpù dé, mo ṣáná, mo rọra ṣí i. Omi gòkè! Lónìí, oníkálukú wọn ló ní ìlànà tiẹ̀. Ti ọ́ìlì àti fífọ̀ nìkan la kọ pọ̀.

Ṣùgbọ́n kí omi tó dé ọsibítù, ọmọ ti lọ. Dókítà fọ ọwọ́, ó gba ìyá là. Ìyàwó mi ló jókòó lẹ́yìn yẹn, ẹ wò ó. Kò kú! Ògo ni f'Ọ́lọ́run.

Wọ́n ní kí n jó wá síwájú yín, ẹsẹ̀ mi ò gbé e. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, ẹ bá mi jó o. Bẹ́ ẹ bá jó pẹ́ díẹ̀, bóyá èmi náà á lè gbé ẹsẹ̀.