Orin Ìhanrun Tí Mo Jẹ́rìí Sí ní Kóòtù Ìlọrà

Nígbà tí eegun mi ṣì le, tí mo ń ru agbọ̀n ọsàn láti oko dé títì Fìdítì láìsinmi… ọdún tí ìjọba ní kí mọ́tò máa gba apá ọ̀tún, ọdún yẹn gan-an ni mo kọ Làmídì. Bàbá bàbá yín ni, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ẹ gbọ́, Làmídì mọ agídìgbo lù. Àwọn tó ń lù ú báyìí, ṣé wọ́n ń lù ú ni? Ṣùgbọ́n ìwà ńkọ́? Háà! Aṣọ àrán tí mo rà sílẹ̀ de ọdún Iléyá, ó gbé e fún obìnrin kan ní Akínmọ̀rìn. Ọjọ́ ọjà ni mo rí aṣọ mi lọ́rùn rẹ̀. Ó tún kí mi, ‘Ẹ kú ọjà o!’ Mo di ẹrù mi lọ́jọ́ náà, ó di ilé bàbá mi.

Kò pẹ́, a gbọ́ orin nínú rédíò. ‘Ṣìfáwù sùn, àdúgbò ò sùn, ewúrẹ́ já okùn, ó sá wọgbó.’ Èmi ni Ṣìfáwù! Làmídì ló fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, torí pé mò ń hanrun. Àmọ́ ohùn inú rédíò kì í ṣe tiẹ̀. Ti olórin kan ará Ìbàdàn ni, tó wá kí wa nígbà tí mo ṣì wà nílé ọkọ, tó jẹ iyán mi, tó ní kí Làmídì tún orin náà kọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àwa mẹ́ta péré la wà níbẹ̀.

Làmídì pè é lẹ́jọ́ ní Ìlọrà. Ta wá ni ẹlẹ́rìí? Èmi tí mo kọ̀ ọ́!

Ìyá mi, Ọlọ́run kẹ́ ẹ, ní, ‘Ṣìfáwù, olè aṣọ ni wọ́n jí lórin. Ó tó sí i! Jókòó jẹ́ẹ́.’ Inú tèmi náà ń fẹ́ kó pàdánù, n ò ní purọ́. Bí n ò bá lọ, ó gbé nìyẹn. Ṣùgbọ́n etí mi ló gbọ́ orin yẹn… Mo lọ.

Adájọ́ bi ará Ìbàdàn, ‘Ta ni Ṣìfáwù inú orin yìí?’

‘Ìyàwó mi ni, olúwa mi.’

Ìyàwó rẹ̀ sì jókòó sẹ́yìn! Ló bá dìde. ‘Èmi Àmọ̀kẹ́? Ìgbà wo ni mo di Ṣìfáwù? Bàbá Rìsí, ta ni Ṣìfáwù?’ Ó fa ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ mú. Ọlọ́pàá méjì ló là wọ́n. Olè tó jí kàkàkí ọba, níbo ni yóò ti fọn ọ́n?

Wọ́n pè mí. Mo fi Kùránì búra, mo ro gbogbo ẹ̀.

Adájọ́ ní, ‘Ṣé lóòótọ́ lo ń hanrun?’

‘Bẹ́ẹ̀ ni, olúwa mi.’

‘Báwo lo ṣe mọ̀, nígbà tó o ti sùn?’

Ẹ wo ìbéèrè! Mo ní, ‘Ewúrẹ́ wa ò tíì padà wálé, olúwa mi.’

Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ sínú ìwé ìjọba.

Làmídì jàre. Ó fò sókè, ó sáré bá mi. ‘Ìyàwó mi, o ṣeun! Ó yá, jẹ́ ká máa lọ sílé.’

‘Ilé ta ni? Orin rẹ ni mo jẹ́rìí sí, n ò jẹ́rìí sí ìwà rẹ.’

Mo wọ mọ́tò. Mo sunkún títí mo fi dé Fìdítì.

Lóde òní, ẹ̀yin ọmọ… wọ́n á ní wọ́n rẹ́ ẹnì kan jẹ, ẹ á kọ́kọ́ bèèrè bóyá èèyàn dáadáa ni. Ìyẹn kọ́ ni wọ́n bi yín! Òótọ́ tó máa gbe ẹni tí a fẹ́ràn, ta ni kò lè sọ ọ́? Ẹ sọ ti ẹni tó bà yín nínú jẹ́, kí n rí yín.