Nọ́ńbà Tí Adébùnmí Pa Rẹ́

Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ rẹ̀ ni Adébùnmí pe ọkọ rẹ̀, Clement, àti ọmọbìnrin wọn, Ìmísí, jókòó ní pálọ̀ ilé wọn ní Fẹ́sítáàkì. Ó ní ọ̀rọ̀ kan wà nínú òun tí òun kò fẹ́ gbé dé orí bẹ́ẹ̀dì dókítà. "Ẹ má dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Tí mo bá dákẹ́, mi ò ní lè sọ ọ́ mọ́."

Ìmísí mọ̀ pé ńṣe ni wọ́n gba òun tọ́. Wọn kò fi ìyẹn pamọ́ fún un rí. Ohun tí wọ́n sọ fún un ni pé kò sẹ́ni tó wá a. Ibẹ̀ ni irọ́ wà.

Nígbà náà, Adébùnmí ló ń bójú tó kọ̀ǹpútà nílé kan tí wọ́n ń kó àwọn ọmọ tó sọnù sí ní Amúwo. Òun ló to àtẹ méjì sínú rẹ̀: ọ̀kan fún àwọn ọmọ tí wọ́n rí, èkejì fún àwọn òbí tó ń wá ọmọ. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tirẹ̀. Bí òbí kan bá wá béèrè ọmọ tó jọ ọ̀kan nínú wọn, Adébùnmí á kọ nọ́ńbà ọmọ náà síwájú orúkọ òbí yẹn. Tí ọ̀gá bá ti tẹ nọ́ńbà ọmọ, àwọn tó ń wá a á yọ sísàlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìyá ló tibẹ̀ gbé ọmọ wọn lọ sílé.

Ọmọbìnrin kékeré tí wọ́n rí ní Abúlé Adó kò tíì lè pe orúkọ ara rẹ̀ já gaara. Adébùnmí ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń fún un lóúnjẹ. Oyún ń bàjẹ́ lára Adébùnmí láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ, ọmọ yìí sì ti ń pè é ní Mọ́mì. Òun àti Clement ní àwọn fẹ́ gbà á tọ́. Àfi bí Waheed, awakọ̀ táńkà kan láti àdúgbò Satellite, ṣe wọlé lọ́jọ́ kan. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ọwọ́ aládùúgbò tó fi ọmọ tì nígbà tó lọ sókè ọya lọmọ ti sọnù.

"Hidaayah lorúkọ ẹ̀, Àǹtí. Àpá iná wà lórúnkún ẹ̀ ọ̀tún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó dáadáa."

Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni Adébùnmí fi kànrìnkàn fọ orúnkún náà. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n kí Charles, ọ̀gá wọn, tó wá fọwọ́ sí ìgbàtọ́ ọmọ, ó pa nọ́ńbà ọmọ rẹ́ níwájú orúkọ Waheed. Orúkọ bàbá ṣì wà, fóònù rẹ̀ ṣì wà. Kò kàn sí ohun tó so ó mọ́ ọmọ rẹ̀ mọ́. Charles tẹ nọ́ńbà ọmọ. Ìsàlẹ̀ ṣófo.

"Kò sẹ́ni tó wá a?"

"Kò sí, sà."

Adébùnmí ní ìyẹn kọ́ ló burú jù. Waheed ń padà wá, òun náà ń sọ fún un pé àwọn ò tíì rí nǹkan kan. "Lọ́jọ́ kan ó bá mi lẹ́nu géètì. Mo pọn ẹ́ sẹ́yìn, Ìmísí, mo fi aṣọ bò ẹ́ lórí, o ti sùn. Ó ní, 'Ọlọ́run á dá ọmọ ẹ̀yìn yín sí, Àǹtí.' Mo sì ṣe àmín."

Clement dìde, ó lọ dúró létí fèrèsé. "Bùnmí, o jẹ́ kí n máa tọ́ ọmọ ọlọ́mọ."

Ohun kan péré ni Ìmísí béèrè. "Ṣé ó ṣì wà láyé?"

Ó wà. Wọ́n fi nọ́ńbà fóònù rẹ̀ tí Adébùnmí ṣì ní pè é, ó sì dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Adébùnmí kúnlẹ̀ fún un ní ẹnu ọ̀nà, ó ní kó forí ji òun, nítorí òun lè má jí lọ́la.

Waheed ò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín. "Ẹ dìde. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ wo ojú ọmọ mi. Tí mo bá wò ó tán, n ó mọ ohun tí màá sọ fún yín."

Dókítà ṣe iṣẹ́ abẹ náà láṣeyọrí. Adébùnmí ti ń rìn káàkiri ilé báyìí. Waheed ń wá kí ọmọ rẹ̀ lọ́jọọjọ́ Ìsinmi, ó sì máa ń dáhùn tí Adébùnmí bá kí i. Ọ̀rọ̀ tó ní òun máa sọ lọ́jọ́ yẹn, kò tíì sọ ọ́.