Mọ́dábọ́ọ̀dù Tí Mo Fi Ba Ráímì Lórúkọ Jẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ojú ń tì mí láti gba iwájú ṣọ́ọ̀bù Ráímì kọjá. Ó ti wà ní títì láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, èmi nìkan ni mo sì mọ̀ pé irọ́ ẹnu mi ló tì í.

Iṣẹ́ fídíò ni mò ń ṣe ní Kétu níbí. Ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ, òkú àgbà, èmi ni wọ́n ń pè. Nígbà tó yá, kọ̀ǹpútà tí mo fi ń to fídíò pọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra. Ráímì tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, àbúrò tí a jọ dàgbà nínú agboolé kan náà, ní kí n fi káàdì àwòrán kejì, èyí tó ń bá kọ̀ǹpútà gbé àwòrán jáde, kún ti tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ á yá. Àmọ́ mọ́dábọ́ọ̀dù mi, ìyẹn pátákó inú kọ̀ǹpútà tí gbogbo ẹ̀yà yòókù ń jókòó lé, àyè káàdì kan péré ló ní. Àfi kí n ra òmíràn.

Ó kìlọ̀ fún mi dáadáa. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wo ẹwà o. Ihò gígùn méjì tí wọ́n ń ti káàdì bọ̀ ni kí ẹ wá, kí wọ́n sì jìnnà síra, torí káàdì yín nípọn. Ẹ pè mí kí ẹ tó sanwó." Ṣé mo pè é? Mo dé Kùtọ́nù, mo rí ọ̀kan tó ń tan iná pupa, mo rí ihò méjì lára rẹ̀, mo ní kí ni mo tún ń bi ọmọdé sí. Mo rà á.

Mo gbé e fún Ráímì, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní ihò méjèèjì sún mọ́ra jù, káàdì àkọ́kọ́ á bo ihò kejì mọ́lẹ̀, kí n jẹ́ kí òun bá mi lọ pààrọ̀ rẹ̀. Inú bí mi. Mo gbé e lọ sílé, mo fi agbára ti káàdì kejì wọlé fúnra mi, mo sì gbọ́ tí pátákó náà sán kẹ́ẹ́. Kọ̀ǹpútà kò tàn mọ́.

Àwọn ẹbí kan ní Odomẹta ń retí fídíò ìsìnkú ìyá wọn, tí wọ́n fẹ́ wò lọ́jọ́ ogójì. Ọjọ́ pé, fídíò kò sí. Mo ní kọ̀ǹpútà mi ló bàjẹ́, wọ́n bi mí pé ta ló bà á jẹ́. Ẹnu mi ní, "Ráímì ni." Ọ̀rọ̀ náà rìn kíákíá. Àwọn èèyàn ń wá kó kọ̀ǹpútà wọn kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá bá mi nílé, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé lóòótọ́ lẹ sọ pé èmi ni?" Mo wo ilẹ̀, mo ní àwọn èèyàn máa ń sọ̀rọ̀ jù. Ó kí ìyá mi, ó sì lọ.

Ó ti wà lóko ní Idigny báyìí, ó ń gbin gbáàgúdá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a pàdé lọ́jà. Ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó bi mí bóyá mo ti rí kọ̀ǹpútà mi tún ṣe. Mo ṣe bí ẹni tí wọ́n ń pè, mo yà lọ. Ọkọ mi ní kí n jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀, pé bí mo bá jẹ́wọ́, kò sẹ́ni tó máa gbé iṣẹ́ fún mi mọ́. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí Ráímì máa jìyà irọ́ mi lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ta ni kí n kọ́kọ́ lọ bá, Ráímì ni, àbí àwọn tí mo purọ́ fún?